Ta Ló Ń Gbọ́ Bùkátà Ilé Ìtọ́jú? Ìwé Ìlàlóye fún Ará Òkè-Ìlá àti Gbogbo Adó-Èkìtì

Ilé ìtọ́jú tí à ń sọ nínú ìwé yìí ni ilé tí ẹni tí kò ní ibi tí yóò forí pamọ́ sí ń gbé, tí àwọn olùtọ́jú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó lè jẹ́ ọmọ aláìlóbìí, tàbí obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀ lẹ́yìn àìsàn ọpọlọ tí ẹbí kò sì tíì gbà padà. Ọ̀kan wà nítòsí wa ní Ìyìn-Èkìtì: Erelu Adebayo Children's Home, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tí Erelú Angela Adebayo dá sílẹ̀. Òun ni ìyàwó gómìnà Èkìtì láti 1999 sí 2003.

Bí ọ̀rọ̀ irú ilé yìí bá délẹ̀, àwọn kan á ní ìjọba ló ń bọ́ wọn, àwọn mìíràn á ní òyìnbó ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú méjèèjì.

Owó ìjọba àti owó òkè òkun

Ìjọba lè fún ilé ìtọ́jú ní owó ìrànwọ́ látinú ìsúnná ọdún. Àmọ́ iye tó wà nínú ìwé ìsúnná kọ́ ni iye tó ń dé ọwọ́: Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lè fọwọ́ sí i, kí oṣù máa gorí oṣù kí wọ́n tó tú owó sílẹ̀. Ní ti owó òkè òkun, iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n sábà máa ń rán an. Wọ́n á ní kí ẹ fi kọ́ ilé tàbí kí ẹ fi ra ọkọ̀, kí ẹ sì kó rìsíìtì wá. Tí àsìkò tí wọ́n dá bá pé, ó tán nìyẹn. Ó sì lè tán kí àsìkò tó pé. Ní oṣù Kìíní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ tó ń lọ sí òkèèrè dúró. Nígbà tó fi di oṣù Keje, àjọ USAID tó ń pín owó náà fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé.

 

Owó tó ṣòro rí jù

Owó ìkọ́lé kì í pẹ́ rí ẹni san án. Ẹni tó kọ́ yàrá á rí orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri. Tí oṣù Kejìlá bá dé, àlejò á kún ilé ìtọ́jú: ṣọ́ọ̀ṣì á kó ẹrù ìkórè wá, ẹgbẹ́ kan á gbé àpò ìrẹsì àti páálí índómì wá, wọ́n á ya fọ́tò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi di oṣù Kejì, páálí índómì lè ṣì wà ní sítọ́ọ̀, kí owó oṣù má sì sí fún obìnrin tó ń dìde ní aago méjì òru láti gbé ọmọ tó ń sunkún. Bí obìnrin yẹn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ló kù níbẹ̀ ju ògiri àti bẹ́ẹ̀dì lọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin 2024 ni 70,000 náírà. Ilé kékeré tó ní olùtọ́jú mẹ́rin, kí wọ́n lè máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, nílò 280,000 náírà lóṣù, ìyẹn 3,360,000 lọ́dún, kí wọ́n tó ra gààrí kóńgò kan. Apá ẹnì kan lè má ká a. Ṣùgbọ́n èèyàn 140 tí ń dá 2,000 náírà lóṣooṣù ti san án pé.

Bí SOS Children's Villages, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1949, ní ìlú Imst ní Austria, Hermann Gmeiner bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ kí oníkálukú máa dá ṣílè kan lóṣù nítorí àwọn ọmọ tí ogun ti sọ di aláìlóbìí. Owó kékeré yẹn ló di abúlé ọmọ káàkiri ayé, títí kan èyí tó wà ní Ìsọlọ̀ ní Èkó láti àwọn ọdún 1970.

Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá àjọ aláàánú bí irú ilé yìí sílẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ pín in bí èrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣi òfin yìí gbọ́, wọ́n rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó oṣù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó oṣù kì í ṣe èrè.

Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé náà ni kí ẹ sanwó sí. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè ìṣirò owó ọdún tó kọjá. Ilé tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ mú owó yín lọ síbòmíràn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ìjọ àti mọ́ṣáláṣí Òkè-Ìlá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ẹ yan ilé kan, ẹ lọ wò ó, kí ẹ bi wọ́n pé olùtọ́jú mélòó ni wọn kò tíì rí owó oṣù rẹ̀ san. Ẹ gba ti ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, kí ẹ san án fún ọdún kan gbáko.