Owó Ilé Tuntun Tó Yẹ Kó Ra Ọkọ̀ Panápaná

Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ti Orolú. Ìjọba ìbílẹ̀ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n súnmọ́ ara wọn débi pé bí iná bá sọ ní ọ̀kan, èkejì ń wo èéfín rẹ̀. Páànù ti rọ́pò koríko tí àwọn baba wa fi ń bo ilé. Àmọ́ sílíńdà gáàsì ti wọ ilé ìdáná, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ìyẹ̀wù, epo bẹntiróòlù wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ọyẹ́ bá dé, tí igbó gbẹ, ẹ̀tàná kan ti tó. Ta ni yóò sanwó ọkọ̀ tí yóò wá pa irú iná bẹ́ẹ̀?

Èkó ni iṣẹ́ panápaná ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1901, lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá. Òfin panápaná ìjọba àpapọ̀ jáde ní 1963. Nígbà tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìpínlẹ̀ tuntun náà gba ẹrù yìí sórí. Inú ìṣúná ìpínlẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń wá, níbi tí owó oṣù, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn náà ti ń na ọwọ́.

Àwọn ará ìgbèríko California ní Amẹ́ríkà ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Owó orí ilé ni púpọ̀ nínú panápaná abúlé wọn gbójú lé. Ní 1978, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Proposition 13: owó orí ilé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé lọ. Àpò panápaná gbẹ, ilé tuntun kò sì yéé pọ̀ sí i. Ni wọ́n bá kọjú sí àwọn tó ń kọ́lé: ẹni tó bá mú ilé tuntun wá, kó san ìpín tirẹ̀ nínú ọkọ̀ àti ibùdó tí ilé náà yóò mú kí wọ́n nílò.

Owó tí kò lófin lórí kì í pẹ́ di owó ẹnikẹ́ni. Ní 1987 wọ́n ṣe òfin tó dè é. Ìjọba gbọ́dọ̀ sọ ohun tí owó náà yóò rà, kó fi hàn pé ohun náà bá ilé tí wọ́n ń kọ́ mu, kó sì tọ́jú rẹ̀ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Bí ọdún márùn-ún bá kọjá tí wọn kò ná an, tí wọn kò sì ṣàlàyé ìdí, wọ́n ní láti dá a padà fún àwọn tó ni ilé nígbà náà. Wọn kò gbọdọ̀ fi san owó oṣù. Èyí mọ́gbọ́n dání, nítorí ọjọ́ tí ilé kíkọ́ bá dẹwọ́, panápaná yóò ṣì jẹun.

Síbẹ̀, owó bẹ́ẹ̀ lè di ìrẹ́jẹ. Ní El Dorado County, tí ìgbèríko pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní kí ọkùnrin kan san dọ́là 23,420 fún ọ̀nà kí ó tó lè gbé ilé kékeré kan kalẹ̀. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn adájọ́ sọ pé kódà bí òfin ló dá irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wọn ju ìnira tí ilé náà fà lọ. Owó ọ̀nà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kan owó panápaná pẹ̀lú.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ètò ìlú ti 1992 ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Ẹni tó bá gba pùlánì ń sanwó. Ilé epo tuntun náà gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ panápaná. Ìwé òfin 1999 sì fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti díye lé ilé aládàáni fún owó orí ilé. Ọ̀nà ti là; ohun tó kù ni òfin tí yóò so owó pùlánì pọ̀ mọ́ ọkọ̀ panápaná. Kí owó pùlánì ra ọkọ̀, kí owó orí ilé ọdọọdún máa bọ́ òṣìṣẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo aṣòfin gbọ́. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n gbóná ní 2025, wọ́n dáná sun ilé, ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì kéde kónílé-ó-gbélé ní ìlú méjèèjì àti ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó wà nítòsí wọn. Ẹni tó ń tún ilé tó jóná kọ́ kò mú ẹrù tuntun wá fún ẹnikẹ́ni. Kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀. Owó àwọn tó kù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, kó máa tẹ̀lé bí ilé ṣe tóbi tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ènìyàn yóò máa kọ́lé lóru láìgba pùlánì.

Lẹ́yìn irú ìjà yẹn, kò rọrùn fún ìlú kan láti fi owó rẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fi ṣe pàtàkì níbí: kí Ìrẹ́pọ̀dùn ní tirẹ̀, kí Orolú ní tirẹ̀, kí wọ́n máa ka iye tó wọlé sétí aráàlú lọ́dọọdún, kí àwọn méjèèjì sì pawọ́ pọ̀ ra ọkọ̀ kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun, ẹ kọ òfin yìí kí ọyẹ́ mìíràn tó dé.