Irin Kékeré Tí Ń Gbé Iṣẹ́ Ńlá Ró Nínú Ara

KÍ NI ó pa páànù tí a fi ń bo ilé pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú ara wa? Síńkì ni. Oríṣi irin yìí ni wọ́n fi ń ra páànù lára kí ó má bàa dípẹtà. Síńkì kan náà wà nínú ara ènìyàn, ìwọ̀n gíráàmù 2 sí 3 péré nínú àgbàlagbà. Síbẹ̀, bí kò bá tó, ọmọdé kì í dàgbà bí ó ti yẹ, àìsàn a sì máa tètè kọ lù ú. Èé ṣe tí ó fi rí bẹ́ẹ̀?

Òṣìṣẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́

Nínú ara wa ni àwọn èròjà protein kan wà tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí àyípadà kẹ́míkà tí ì bá pẹ́ yá kánkán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè dá ṣiṣẹ́. Wọ́n nílò alábàáṣiṣẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cofactor. Fún àwọn kan, ohun tí ara rí ṣe láti inú fítámì ni. Fún àwọn mìíràn, irin ni, bíi síńkì tàbí bàbà. Irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ tí kò bá ní irin rẹ̀ dà bí èèkù ọkọ́ lásán: ọwọ́ lè dì í mú, ṣùgbọ́n kò lè kọ ebè.

Ní ọdún 1939, David Keilin àti Thaddeus Mann ní Yunifásítì Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí síńkì nínú ẹ́ńsáìmù carbonic anhydrase, èyí tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yìí ni ó ń pa afẹ́fẹ́ carbon dioxide pọ̀ mọ́ omi kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ. Bí ó bá dé ẹ̀dọ̀fóró, yóò tún sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ kí a lè mí i síta. Èyí tí ó yára jù nínú irú rẹ̀ lè yí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ẹyọ carbon dioxide padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan!

Ní ìsàlẹ̀ ihò kékeré kan nínú protein náà ni síńkì jókòó sí. Ó gbá ẹyọ omi kan mú, ó mú kí ó jọ̀wọ́ hydrogen kan, èyí tí ó ṣẹ́ kù sì ṣe tán láti so mọ́ carbon dioxide tí ó bá wọlé. Bí a bá yọ síńkì náà, iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Bí a bá dá a padà, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin tí kò dàgbà

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ gbà pé síńkì kò lè wọ́n ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1958, Dókítà Ananda Prasad, tí a bí ní ilẹ̀ Íńdíà, pàdé aláìsàn kan ní ìlú Shiraz, ní Íráànì. Ẹni ọdún 21 ni, ṣùgbọ́n ó rí bí ọmọ ọdún 10. Búrẹ́dì àlìkámà tí kò ní ìwúkàrà ni olórí oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń jẹ amọ̀. Ní ọdún 1963, ìwádìí Prasad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Íjíbítì fi hàn pé síńkì kò tó lára irú àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní síńkì, wọ́n ga sí i.

Ǹjẹ́ kò sí síńkì nínú àlìkámà ni? Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èròjà kan tí ń jẹ́ phytate, tí ó wà nínú ọkà àti ẹ̀wà, a máa di síńkì mú nínú ìfun títí yóò fi bá ìgbẹ́ jáde. Ìwúkàrà a máa dín phytate kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo tí a rẹ títí ó fi kan, bí a ti ń ṣe fún ògì. Àmọ́ bí a bá sẹ́ ògì, díẹ̀ nínú síńkì náà a máa bá èèrí lọ. Nítorí náà, ògì nìkan kò tó fún ọmọ. Ẹ fi ẹja, edé, ẹyin tàbí ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí òbí mọ̀

Ara kò ní àká tí ó lè tọ́jú síńkì sí fún ìgbà pípẹ́, ìgbẹ́ gbuuru a sì máa gbá a jáde. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fi gbani nímọ̀ràn ní ọdún 2004 pé kí a máa fún ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ní síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14, pẹ̀lú omi ORS. Síńkì kò lè rọ́pò omi yẹn. Kí òbí má sì dá oògùn náà dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé nítorí pé ìgbẹ́ ti dá. Ara ṣì ń dá ohun tí ó sọnù padà.

Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ ìwọ̀n tí ó yẹ ọmọ yín. Bí síńkì bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kì í jẹ́ kí ara gba bàbà, èyí sì lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Irin kékeré ni síńkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbi iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń bẹ, iṣẹ́ kò sì lọ.