Níbo ni Góńgó Ìtàn Gatsby Wà?

Nínú ìtàn àròsọ tí ó bá gún régé, ibì kan a máa wà tí ọ̀rọ̀ gbé dójú rẹ̀, tí kò sì sí àtipadà sẹ́yìn mọ́ fún àwọn ẹ̀dá inú ìtàn. Ibẹ̀ ni góńgó ìtàn. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ibi tí ariwo tàbí ikú wà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa ṣì í mú, pàápàá bí wọ́n bá ń ka The Great Gatsby, ìwé tí F. Scott Fitzgerald ará Amẹ́ríkà kọ ní ọdún 1925.

Ọmọ àgbẹ̀ aláìní ni Jay Gatsby. Nígbà tí ó wà nínú iṣẹ́ ọmọ-ogun, ó pàdé Daisy, ọmọ olówó, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. Ogun gbé Gatsby lọ. Daisy sì fẹ́ Tom Buchanan, ẹni tí ó bá ọrọ̀ nílé baba rẹ̀. Gatsby kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó fi ọtí títà kó ọrọ̀ jọ nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ka ọtí títà léèwọ̀, ó ra ilé ńlá tí ó kọjú sí ilé Daisy ní òdìkejì omi, ó sì ń se àsè rẹpẹtẹ, bóyá obìnrin náà yóò yà síbẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Àwọn kan a máa sọ pé orí karùn-ún ni góńgó wà, níbi tí àwọn méjèèjì ti tún fojú kanra ní ilé Nick, ìbátan Daisy. Ṣùgbọ́n ìrètí ni ìpàdé yẹn gbé dìde; kò dáhùn ìbéèrè kankan. Àwọn mìíràn a tọ́ka sí ikú Gatsby ní orí kẹjọ. Ìyẹn náà kò tọ̀nà, nítorí ẹni tí ó kú níbẹ̀ ti pàdánù ohun gbogbo ṣáájú.

Orí keje ni kí olùkàwé wò, nínú yàrá kan ní Hòtẹ́ẹ̀lì Plaza ní New York. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, ara ń ni àwọn márààrún tí ó wà níbẹ̀. Gatsby sọ fún Tom lójúkojú pé Daisy kò fẹ́ràn rẹ̀ rí, ó sì ní kí Daisy fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìlọ́ra. Tom rán an létí ọjọ́ kan tí òun gbé e kí bàtà rẹ̀ má baà tutù. Ọkàn Daisy rọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti fẹ́ràn ọkọ òun rí. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Kì í ṣe Daisy nìkan ni Gatsby ń wá, ó fẹ́ kí ọdún márùn-ún tí ó kọjá di ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ni ó sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí Tom wá tú àṣírí ibi tí owó náà ti wá, ẹ̀rù ba Daisy, ó sì fà sẹ́yìn pátápátá.

Àmì kan wà tí ó fi hàn pé ìjà ti parí: Tom fúnra rẹ̀ ni ó ní kí àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ Gatsby lọ sílé. Ẹni tí ẹ̀rù ṣì ń bà kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà, Daisy, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ náà, fi pa Myrtle Wilson, àlè Tom. Ọkọ Myrtle rò pé Gatsby ni, Tom ni ó sì tọ́ka ẹni tí ó ni ọkọ̀ fún un. Ó lọ yìnbọn pa á nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì náà kúrò, kò sí èyí tí yóò dúró nínú gbogbo rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìjàǹbá náà, Daisy àti ọkọ rẹ̀ jókòó ní ilé ìdáná, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, adìẹ díndín wà láàrin wọn. Gatsby wà lóde nínú òkùnkùn, ó ń ṣọ́ ilé náà kí Tom má baà ṣe Daisy ní ibi.