Owó Tó Sọnù Kí Wọ́n Tó Po Sìmẹ́ńtì

Bí iṣẹ́ ìkọ́lé bá jẹ owó kọjá iye tí wọ́n dá lé e, agbaṣẹ́ṣe àti àwọn bíríkìlà rẹ̀ la kọ́kọ́ ń fura sí. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, owó náà ti sọnù kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ńtì, lọ́jọ́ tí ẹni tó ni iṣẹ́ ti ní "ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná" lórí àwòrán tí kò tíì pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sydney Opera House, gbọ̀ngàn orin etí omi ní Ọsirélíà, nìyẹn. Ní 1957, wọ́n ṣírò pé mílíọ̀nù 7 dọ́là ni yóò gbà, yóò sì parí ní 1963. Mílíọ̀nù 102 ló gbà, 1973 ni wọ́n ṣí i. Ìjọba Joe Cahill ní ìpínlẹ̀ New South Wales ló ń kánjú, wọ́n ń bẹ̀rù pé owó tàbí ojú ará ìlú lè yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní March 1959, nígbà tí Jørn Utzon tó ya àwòrán náà kò tíì mọ bí òrùlé rẹ̀ yóò ṣe dúró. Ìgbà tí wọ́n wá rí ọgbọ́n dá sí òrùlé, àwọn òpó tó wà nílẹ̀ kò lè gbé e. Wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì sanwó òpó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan lè ní ọjà ló gbówó lórí. Lóòótọ́, ó gbówó lórí, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ngógó nìkan kì í sọ owó di ìlọ́po mẹ́rìnlá. Àtúnṣe tó fa iṣẹ́ gùn ló tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Àwíjàre tó le jù ni pé, ká ní wọ́n sọ iye rẹ̀ gan-an, ẹnikẹ́ni kì bá tí gbà, ayé ì bá sì pàdánù ilé tí UNESCO fi ṣe ohun àjogúnbá ní 2007. Wọ́n á fi kún un pé tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ló san púpọ̀ nínú owó náà, bí ẹni pé owó àwọn tó ta tẹ́tẹ́ kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ilé ọnà Guggenheim ní Bilbao, Spéènì, rí wọ́gọwọ̀gọ bí ti Sydney. Kọ̀ǹpútà ni Frank Gehry tó ya àwòrán rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi wọn gbogbo ibi tó tẹ̀ lára ilé náà kí wọ́n tó kọ́ ọ. Wọ́n ṣí i ní 1997, kò sì kọjá owó tí wọ́n dá lé e. Ní ti Sydney, ìjà owó lé Utzon lọ ní 1966, àwọn mìíràn ló parí inú ilé náà. Àwọn olórin ráhùn títí nípa bí ohùn ṣe ń dún nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, títí wọ́n fi tún un ṣe parí ní 2022, ní mílíọ̀nù 150 dọ́là.