Páànù Dé, Ooru Bá A Wọlé

Ní Ọjà'ba, n'Ìbàdàn, bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ káfíńtà jẹun rí ń wo àwọn ọmọ tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù sára ilé tuntun kan. Bàbá yọ ṣùtì ètè: “Wọ́n fowó ra ooru tán, wọ́n tún ń fowó lé e.” Mo bá fìdí kalẹ̀.

Òyìnbó kan, Henry Robinson Palmer, ló gba ìwé àṣẹ lórí páànù ní London lọ́dún 1829. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, páànù ti ń lé koóko àti ewé kúrò lórí ilé wa. Ṣùgbọ́n ta ló kó o wá? Bàbá ní àwọn oníwàásù Abẹ́òkúta ni. Ọ̀rẹ́ wọn kan, ọmọ Èkó, fò dìde: “Irọ́! Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ni!” Bàbá ní amọ̀ sísun ni wọ́n fi ń bolé ní Brazil, níbo ni wọ́n ti wá mọ páànù? Ọ̀rẹ́ wọn fèsì: “Ṣé amọ̀ sísun ni wọn ìbá rù kọjá òkun? Èkó ni wọ́n ti bá páànù lọ́jà!” Ibi tí ẹnu wọn ti kò ni ti iná tó ń jó ilé koóko. Lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó láti jó agbolé mẹ́ta. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó kò ní bèèrè ẹni tó kó páànù wá.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ há sáàárín koóko, afẹ́fẹ́ tó bá sì dúró sójú kan kì í jẹ́ kí ooru kọjá bọ̀rọ̀. Páànù fẹ́lẹ́, bí oòrùn bá ti yan án, á máa ta ooru lé onílé lórí. Tó bá wá dípẹtà, tí kò dán mọ́, oòrùn tó ń mu á tún pọ̀ sí i. Àjà làwọn àgbà fi ṣẹ́gun rẹ̀: wọ́n á to igi, wọ́n á rẹ́ amọ̀ lé e, ìyàwó ilé á sì rí ibi kó àgbàdo sí. Ooru á wà lókè lọ́hùn-ún. Ògiri amọ̀ náà nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í tètè wọlé títí oòrùn fi ń wọ̀.

Lónìí, ike pẹlẹbẹ la ń kàn sókè, ooru ń gbà á kọjá, jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ epo kí ẹ̀rọ amúlétutù lè lé e. Fóòmù tí wọ́n ń tà fún abẹ́ páànù, afẹ́fẹ́ híhá náà ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ koóko ni wọ́n ń tà fún wa lówó gọbọi.

Bàbá ní ilé alájà ló jẹ́ káwọn ará àtijọ́ pẹ́ láyé. Ọ̀rẹ́ wọn ní ẹmu ni.