Ọmọdé tó jí tó ń tiro: ìgbà tí ìrora ìgbáròkó di pàjáwìrì

Ọmọ ọdún mẹ́rin sùn lálẹ́ pẹ̀lú ara líle. Ilẹ̀ mọ́, kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè ibi tó ń dùn ún, ó lè fọwọ́ sí orúnkún, kí wọ́n sì yẹ orúnkún náà wò títí láìrí wíwú tàbí ọgbẹ́ kankan. Ìgbáròkó ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ìgbáròkó lọ sí ọpọlọ náà ló ń gbé ti orúnkún, ìdí nìyẹn tí ìrora tó wà lókè fi ń jẹ jáde nísàlẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń fà á kò le. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú oríkèé tó ń sun omi díẹ̀ kí egungun má baà máa ha ara wọn. Awọ yìí lè wú, kí omi náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọmọ sì máa tiro. Transient synovitis ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá ló máa ń ṣe jù, ó sì ń ṣe ọmọkùnrin tó ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fìnkìn ti kọ́kọ́ ṣe ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú. Ìsinmi àti ibuprofen tí dókítà wọ̀n fún un ti tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti ń sáré kiri.

Àìsàn kejì jọ ọ́ lójú, àmọ́ ewu ńlá ló wà nínú rẹ̀. Kòkòrò àrùn, pàápàá Staphylococcus aureus tó sábà ń gbé lára awọ àti nínú imú wa láìṣe wá ní nǹkan kan, lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ oríkèé, kí ibẹ̀ di ọyún. Ọyún yìí máa ń jẹ egungun rírọ̀ tó bo orí egungun itan. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i, ó ń fún òpójẹ̀ tó ń bọ́ orí egungun náà pa. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ti tó láti sọ ọmọ di ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ títí ayé. Nígbà tí Thomas Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní London, kọ̀wé nípa irú àìsàn yìí lára àwọn ìkókó lọ́dún 1874, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú. Oògùn apakòkòrò ti yí ìyẹn padà, ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa ọyún náà jáde kí wọ́n sì fọ inú oríkèé, kíákíá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Lọ́dún 1999, Mininder Kocher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí ìgbáròkó ń dùn wò, wọ́n sì mú àmì mẹ́rin jáde: ara gbígbóná tó tó ìwọ̀n 38.5 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń rọlẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò tó mìlímítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Àti sẹ́ẹ̀lì funfun tó ju 12,000 lọ nínú máíkrólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ọmọ tí kò ní ìkankan, kò tó ẹyọ kan nínú 500 tó ní ọyún. Ẹni tó ní méjì, 40 nínú 100 ni. Ẹni tó ní mẹ́ta, 93. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ mìíràn lọ́dún 2004, àmì náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́, síbẹ̀ 93 nínú 100 àwọn tó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ọyún. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé òbí lè rí méjì àkọ́kọ́ nínú ilé, láìsí ilé àyẹ̀wò kankan.

Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ibà (malaria) ni gbogbo ara gbígbóná ń jẹ́. Wọ́n á fún ọmọ lóògùn ibà, wọ́n á fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi omi gbígbóná jó o, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Àyẹ̀wò tó fi hàn pé ibà wà lára ọmọ kò sọ pé ọyún kò sí ní ìgbáròkó rẹ̀. Méjèèjì lè wà pọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ̀ tó ń dun ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ìdí ní kẹ́mísì. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣi ibi gún lè pa iṣan ńlá tó gba ìdí kọjá, kí ẹsẹ̀ náà rọ. Oògùn apakòkòrò tí kò pé sì máa ń mú kí ara tutù fúngbà díẹ̀ nígbà tí ọyún ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú.

Ìkókó kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ wò ó bóyá ó ń ké nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá la ẹsẹ̀ rẹ̀ láti pọ̀n ọ́n, tàbí bóyá ẹsẹ̀ kan dákẹ́ nígbà tí èkejì ń ta.

Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, ìyẹn àwọn tó ní àrùn sickle cell, ń kọ mí lóminú jù. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí wọn jù lágbàáyé. Ìrora eegun ti mọ́ wọn lára, ó sì ti mọ́ àwọn òbí wọn lára pẹ̀lú, nítorí náà ó rọrùn láti sọ pé ìrora ti àtẹ̀yìnwá ló tún dé. Kòkòrò Salmonella máa ń wọ eegun àti oríkèé wọn ju ti ọmọ mìíràn lọ, orí egungun itan wọn sì lè kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀ tó tó. Ẹ tètè sọ fún dókítà pé SS ni ọmọ náà.

Bí ọmọ bá ń tiro kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ara gbígbóná, ẹ béèrè fún X-ray ìgbáròkó. Ó lè jẹ́ àrùn Perthes, tí àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, Faransé àti Jámánì ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1910, tó máa ń mú ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ ní jẹ́jẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, ọtirasáàǹdì lè fi omi inú oríkèé hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ọyún ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa omi náà jáde ló ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kò le, tí wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó padà wá, kó má ju ọjọ́ méjì lọ. Bí ara ọmọ bá tún gbóná kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ gbé e padà ní òru ọjọ́ náà gan-an.