Ta Ni Yóò Pọn Ọmọ Lọ́jọ́ Ìgbafẹ́?

Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tí bàbá àti ìyá ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jáde lọ gbafẹ́, ìbéèrè tí ó sábà máa ń ṣáájú kì í ṣe ti owó ọkọ̀. “Ta ni yóò bá wa mójú tó ọmọ?” ni ìyá yóò bi. Ìdáhùn tí ó sì yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ọ̀dọ̀ yìí dáadáa. Nígbà púpọ̀, òun alára kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá lọ. Abúlé ni wọ́n ti mú un wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn òbí rẹ̀ ṣe àdéhùn owó. Bí wọ́n bá dé ibi ìgbafẹ́, òun ni yóò pọn ọmọ, òun ni yóò gbé àpò oúnjẹ, òun náà ni yóò sì jókòó ti ẹrù lábẹ́ igi nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri. Ọmọdé ni a fi ń tọ́jú ọmọdé! Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ di tirẹ̀ ní 2006, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Kò sì fẹ́ kí a gbà á síṣẹ́, àfi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá. Obìnrin tí ó ti jókòó ti ọjà láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Àbámẹ́ta ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi. Bí a bá fi ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, tí ọkọ sì ń rìn níwájú tí ó káwọ́ sẹ́yìn bí àlejò, kí ni obìnrin náà gbádùn? Ilé ìdáná ni ó kàn kúrò nínú rẹ̀, iṣẹ́ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn ọkùnrin kan ń bẹ tí wọ́n lè gbé àpò iṣu méjì lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n tí ojú ń tì wọ́n láti gbé ọmọ tí wọ́n bí. Ìtìjú wo nìyẹn?

Àwọn ìyá wa àtijọ́ rin ìrìn tí ó jù èyí lọ. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ kún ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ Gánà. Ojú irin láti Èkó dé Kánò ní 1912, ṣùgbọ́n Òṣogbo, Ọ̀ffà àti Ìlọrin ni ó gbà, kò ya Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí yóò wọkọ̀ ojú irin ní láti kọ́kọ́ rìnrìn àjò mìíràn, tòun tọmọ lẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, tẹrù tọmọ ni àwọn ènìyàn wa padà wálé. Òtítọ́ ni pé ìyá àgbà tàbí àbúrò ìyàwó máa ń wà nítòsí láti gba ọmọ mú díẹ̀. Ẹbí nìyẹn, a kò fowó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀.

Ibo ni kí a wá lọ? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì kò nílò ọ̀nà jíjìn. Láti Ìrẹsà, Ògbómọ̀ṣọ́ tó o. Kí bàbá pọn ọmọ, kí ó fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, kí ó fi ààfin Ṣọ̀ún hàn án, kí ó sì pìtàn Ògúnlọlá ọdẹ fún un, ẹni tí ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí ìlú fi gba orúkọ rẹ̀.

Àwọn tí ọmọ wọn ti gbọ́njú lè dé Ìbàdàn. Ọgbà ẹranko tí ó wà ní Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ọgbà Agodi ti wà láti 1967. Omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní 1980, a sì tún un ṣe, tí ó ṣí padà ní 2014. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá àti ìyá pín ìṣọ́ náà láàárín ara wọn: bí ọ̀kan bá ń jẹun, ojú èkejì kò gbọdọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba ẹ̀mí púpọ̀. Ẹ má ṣe gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ níwájú ọkọ̀. Ẹ jí lọ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì kúrò ní Ìbàdàn bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lọ́nà Ìrẹsà.